Abọ́ Adìẹ Ọjọ́rú

Agogo mẹ́fà ààbọ̀. Iná ti lọ ní Òkè-Baálẹ̀.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwé dé, ṣọ́ọ̀kì ṣì fun lórí ìka mi,
ìwé ìdánwò ogójì ọmọ wà nínú báàgì,
bàbá mi sì ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná,
ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ ojú irin tí kò ní í dé mọ́.
"Kí la ó jẹ?"

N kò dáhùn. Mo tẹ fóònù.
Ohùn Ọ̀ṣúnlékè jáde láti Áténì, ó ń sáré sọ̀rọ̀,
àwo ń ró gbàgà lẹ́yìn rẹ̀, omi ẹ̀rọ ń ṣàn:
"Ẹ̀gbọ́n mi, kò ṣòro rárá.
Adìẹ, yógọ́ọ̀tì, ọsàn kíkan, aáyù.
Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má jẹ́ kó gan."

Kò ṣòro! Ẹni tó wà níbi tí wọ́n ti ń tà á ló ń sọ bẹ́ẹ̀.
Ó ní wàrà àgùntàn ni kí n rún sí i lórí.
Àgùntàn Òkè-Baálẹ̀ kì í gbà kéèyàn fọwọ́ kan òun lọ́mú.
Mo ti ya Sábó, mo ra ti Ádámà,
èyí tó fi ewé bọmubọmu mú dì, tó tutù bí imú ajá.
Ewé tó dárúkọ, n kò mọ̀ ọ́n;
mo já efinrin lẹ́yìn balùwẹ̀.
Èso ólífì ńkọ́? Mo fò ó.
Kùkúńbà wà, tòmátò wà, àlùbọ́sà wà:
ẹni tó ní mẹ́ta nínú mẹ́rin kì í ṣe òtòṣì.

Mo gé adìẹ tínrín-tínrín, mo po yógọ́ọ̀tì mọ́ ọn,
mo gún aáyù, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́,
ọgbẹ́ kékeré tó ti sùn ní àtàǹpàkò mi jí, ó ké.
Páànù gbóná. Adìẹ balẹ̀ sínú rẹ̀: ṣàààà.
Òórùn náà gba ojú fèrèsé jáde,
ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì sì béèrè láti inú òkùnkùn:
"Àǹtí Ìbídùn, kí lẹ ń sè?"
"Oúnjẹ àwọn Gíríìkì."
"Àwọn tí Pọ́ọ̀lù ń kọ lẹ́tà sí?"
"Àwọn náà. Wọ́n máa ń jẹun."

Ìrẹsì àná nísàlẹ̀, adìẹ lórí,
ewébẹ̀ tútù lápá kan, wàrà lápá kejì.
Bàbá mi tan tọ́ọ̀ṣì sí abọ́ náà bí ẹni ń yẹ ẹrù wò.
"Tútù lórí gbígbóná. Ìrẹsì láìsí ọbẹ̀."
Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ibùdó rélùwéè,
ó gbà pé ohun gbogbo ló ní irin tirẹ̀:
ìrẹsì sọ́dọ̀ ọbẹ̀, ọmọ sọ́dọ̀ ilé.
Èyí tó yà kúrò lórí irin,
ọdún kọkànlá rèé tí kò ti pè é lórúkọ.

Mo kọjú sí ìwé ìdánwò.
Ọmọ kan kọ ọ́ pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ márùndínlọ́gọ́ta.
Mo fún un ní ìdajì máàkì. Ó kúkú sún mọ́ ọn.

Ṣíbí ń ha ìdí abọ́.
"Ìbídùn."
"Bàbá."
"Sọ fún un pé iyọ̀ rẹ̀ ò tó."

Mo tẹ fóònù, mo nà án sí ẹnu rẹ̀ nínú òkùnkùn.
"Ẹ sọ ọ́ fúnra yín."
Ó wúkọ́. Ìrẹ̀ ń dún lẹ́yìn ilé. Mo rò pé kò ní í sọ ọ́.
"Lékè," ó ní. "Iyọ̀ ò tó."

Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.
Adìẹ kan ṣẹ́ kù sí páànù. N kò jẹ ẹ́, mo fi àwo bò ó.
Iyọ̀ tó o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tọ́ ọ wò.